Kí la máa sọ fún àbúrò wa nípa ojú-ọjọ́ tó ń yí padà?

Ìbéèrè kan wà tí púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ lẹ́nu àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọ náà ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó gbé báàgì sílẹ̀, kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ayé ń gbóná. Ṣé ó máa jóná ni?" Bàbá wà níbi iṣẹ́. Màmá ń sùn, nítorí iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ti dé. Àwa tá a wà nílé ló kù tó máa dá a lóhùn.

Fún àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè yìí kò ṣèèṣì wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ìyípadà ojú-ọjọ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kejìlá. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn. Tammy Murphy, ìyàwó gómìnà ìgbà náà, wà lára àwọn tó dúró ti ọ̀rọ̀ náà títí tó fi yọrí. Kì í sì í ṣe inú sáyẹ́ǹsì nìkan ló wà: ó wọ iṣẹ́ ọnà, eré ìdárayá, àti ẹ̀kọ́ èdè ilẹ̀ mìíràn pàápàá.

Àwọn ará New Jersey ti rí i lójú ara wọn. Ìjì Sandy ba etíkun wọn jẹ́ ní ọdún 2012. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, òjò tí ìjì Ida gbé wá ya wọ ilé àti ọ̀nà, ẹni 30 ló sì kú ní ìpínlẹ̀ náà. Ọmọ tó rí omi nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Bí a kò bá ṣàlàyé fún un, yóò fi ìbẹ̀rù ṣàlàyé rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ẹ má rò pé wọ́n ń jókòó ti ọmọ ọdún márùn-ún láti máa sọ̀rọ̀ ìparun ayé fún un o. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi ni pé oòrùn máa ń mú ilẹ̀ gbóná. Àwọn ọmọ á fọwọ́ kan iyanrìn tó wà nínú oòrùn àti èyí tó wà lábẹ́ ibòji. Wọ́n á kọ́ ibòji kékeré fúnra wọn, wọ́n á wò ó bóyá ó ń dín ooru kù. Wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń fetí sí ìròyìn ojú-ọjọ́ kí a lè múra sílẹ̀ de ìjì.

Báwo làwa náà ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ nílé? Ẹ sọ fún ọmọ náà pé afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká dà bí aṣọ ìbora. Bí kò bá sí i rárá, òtútù ni ì bá pa gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sun epo bẹ́tiróòlù, èédú àti gáàsì, èéfín kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ń mú aṣọ náà nípọn sí i. Kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, nǹkan bíi 280 ni ti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì nínú mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́. Ó ti lé ní 420 báyìí. Ayé ti fi ohun tó ju ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan lọ gbóná sí i, ọdún 2024 ló sì gbóná jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé pẹ̀lú. Ayétòrò, ìlú àwọn Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ lọ. Ní Ìbàdàn, omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 pa ènìyàn tó lé ní 100. Òótọ́ ni pé ojú-ọjọ́ nìkan kọ́ ló fà á: ilé tí wọ́n kọ́ sójú odò àti ìdọ̀tí tó dí ọ̀nà omi wà níbẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo Áfíríkà kò dá tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tí ayé ń tú jáde. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì. Ayétòrò kò jẹ gbì. Ọmọ kékeré mọ ohun tí kò tọ́ nígbà tó bá rí i, ẹ má fi èyí pa mọ́ fún un.

Ẹ má parọ́ fún un, ẹ má sì dẹ́rù bà á. Ẹ jẹ́ kó máa pa iná tí ẹnikẹ́ni kò lò, kó má máa da oúnjẹ nù. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó rò pé òun ló máa tún ayé ṣe. Ẹrù àgbà nìyẹn.

Ohun kan wà tí tíṣà kò lè fún un, tí àwa ní. Ẹ bá a pe ìyá àgbà lórí fóònù. Kó béèrè ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń rọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ìgbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo, àti bí ọyẹ́ ṣe ń mú tó. Kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó mú un lọ sí kíláàsì. Àwa tí Yorùbá wa kò dán mọ́rán náà á rí ọ̀rọ̀ kọ́ níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nítorí náà, tí ó bá tún béèrè, ẹ dá a lóhùn pé: "Rárá o, ayé ò ní jóná. Ara rẹ̀ ló ń gbóná, bí ìgbà tí ibà bá ń ṣe ọ́. A mọ ohun tó fà á, àwọn èèyàn sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Lọ bọ́ bàtà ẹ, ká pe Màmá."