Ooru Ló Ń Jẹ Owó, Kì Í Ṣe Ṣájà Fóònù

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí òtútù bá ti wọlé ní Ìlú Ọba yìí, àríyànjiyàn lórí owó iná kì í tán nínú ilé wa. Bàbá á ní kí wọ́n yọ ṣájà, màmá á ní kí wọ́n pa gílóòbù. Kò burú, a kì í fi nǹkan ṣòfò. Àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí owó yín ń gbà jáde gan-an.

Ṣájà òde òní tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀ kì í jẹ tó ìdajì wáàtì. Bó wà lára ògiri fún odindi ọdún kan, kò lè jẹ tó yúníìtì 5. Hítà oníná tó jẹ́ kílówáàtì 2, tó bá ń ṣiṣẹ́ láìdákẹ́, á jẹ yúníìtì 5 yẹn láàárín wákàtí 2 ààbọ̀ péré.

Bẹ́ẹ̀ àwọn kan gbà pé hítà kékeré ló ń dín owó kù. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló jókòó sí yàrá kan fúngbà díẹ̀, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó yúníìtì iná mànàmáná kan níbí ju ìlọ́po 3 owó yúníìtì gáàsì lọ. Ẹni tó tan hítà 3 sí yàrá 3, tí bọ́ílà gáàsì sì wà nílé, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Àwọn mìíràn á yí thermostat dé 30 kí ilé lè tètè gbóná. Rárá o! Ibi tí bọ́ílà máa dúró lẹ̀ ń sọ fún un, ẹ ò sọ pé kó sáré. Ẹni tó wọ mọ́tò l'Ékòó tó ní Ìbàdàn lòun ń lọ, ṣé ó máa tìtorí ìyẹn dé Ṣágámù ṣáájú ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù?

Wọ́n tún máa ń sọ pé ká tan ooru sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, pé ó dínwó ju ká máa pa á lọ. Garawa tó ń jò nilé wa: bí omi inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń jò tó. Tí kò bá sẹ́ni nílé, ẹ dín in kù. Àmọ́ ẹ má fi òtútù pa ọmọ ọwọ́ tàbí àgbàlagbà nítorí owó. Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí inú ilé má tutù ju 18 lọ nígbà òtútù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé: àwọn tó ń tan sítóòfù gáàsì láti fi yáná, tí wọ́n sì ń dí ihò atẹ́gùn pa. Gáàsì tí kò bá jó dáadáa máa ń tú carbon monoxide jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pààyàn lójú oorun. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé, tó sì ń fúyẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde síta, kí ẹ pe 0800 111 999.

Ẹ ra aláàmù carbon monoxide sílé. Ẹ fi nǹkan dí abẹ́ ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ òtútù ń gbà wọlé, ẹ fa kọ́tìnì nírọ̀lẹ́, ẹ má sì gbé àga dí iwájú rédíétọ̀. Àmọ́ ihò atẹ́gùn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó tó bọ́ lè padà wá, ẹ̀mí tó bọ́ kì í padà.