Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Àríwá Ghana Ṣe Di Onílàjà ní Kumasi

Ẹni tí ó bá wí pé òun ti dé Kumasi, tí kò sì mọ Kejetia, a jẹ́ pé ẹnu ibodè ni ó ti padà. Àárín ìlú ni Kejetia wà. Ó jẹ́ ìdíkọ̀, ó jẹ́ ọjà, ó sì jẹ́ oríta tí ọmọ Asante, Dagomba, Konkomba, Hausa àti Yorùbá ti ń pàdé. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin alábàárù tí ń ru ẹrù níbẹ̀, tí àwọn ará Ghana ń pè ní kayayei, ni ó ti ìhà àríwá wá. Òṣì ni ó lé àwọn kan kúrò nílé. Ogun ni ó lé àwọn mìíràn. Ọ̀rọ̀ ogun náà, àti bí àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì ṣe jókòó pọ̀ ní Kumasi yìí kí ó lè parí, ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀ mìíràn wá.

Ohun tí ó fa ìjà

Ní àríwá Ghana, àwọn ẹ̀yà kan ní ọba láti ayébáyé: Dagomba, Nanumba, Gonja àti Mamprusi. Ya-Na ni orúkọ oyè ọba Dagomba, Yendi sì ni ààfin rẹ̀ wà. Àwọn ẹ̀yà mìíràn, bí Konkomba, Nawuri àti Basare, kò ní ọba ńlá. Àwọn àgbà ìdílé ni ń ṣe ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti ìlú. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, àwọn ọba ni ó bá lò, ó sì ka àwọn tí kò ní ọba sí abẹ́ àwọn tí ó ní. Báyìí ni ó ṣe di pé Konkomba, àgbẹ̀ paraku tí iṣu wọn ń bọ́ ìlú púpọ̀, ń dáko lórí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń jọba lé lórí. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, tí ó tún di ogun ní ọdún 1997, yóò mọ irú ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀: ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò, ta ni ó sì yẹ kí a máa fún ní ìṣákọ́lẹ̀?

Ní ọdún 1977, àwọn ọ̀dọ́ Konkomba tí wọ́n kàwé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní KOYA. Dagomba, Nanumba àti Gonja náà ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tiwọn. Ìlọsíwájú ni olúkúlùkù ní òun ń wá, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí gan-an ni wọ́n di ẹnu tí ìjà fi ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1981 Konkomba àti Nanumba jà. Ní ọdún 1993 Konkomba kọ̀wé pé kí a fún àwọn ní ọba ńlá tiwọn, kí ó máa jókòó ní Saboba. Àwọn Dagomba kò gbà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, ènìyàn méjì ń jiyàn lórí iye owó ẹyẹ awó kan ní ọjà Nakpayili. Láti orí awó yìí ni ogun ti ràn ká àríwá. Kì í ṣe awó ni ó fa ogun. Iná ti wà lábẹ́ eérú tipẹ́, awó ni ó tú eérú náà ká. Ìṣirò àwọn tí ó kú yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré nínú wọn pàápàá tó 1,000 ènìyàn. Àwọn tí ó sá kúrò nílé ju 100,000 lọ.

Ìjókòó ní Kumasi

Ìjọba fi òfin pàjáwìrì de ibẹ̀, ó rán ṣọ́jà lọ, a sì ṣe àdéhùn ní oṣù kẹfà ọdún 1994. Síbẹ̀ ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1995. Ìbọn lè lé ọmọ ogun sínú igbó, kò lè lé ìbínú kúrò nínú ọkàn. Nígbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ń ṣiṣẹ́ ní àríwá para pọ̀, wọ́n ké sí àwọn onílàjà láti Nairobi, wọ́n sì pe aṣojú ìhà gbogbo sí Kumasi. Kumasi kì í ṣe ilẹ̀ Dagomba, kì í ṣe ilẹ̀ Konkomba. Kò sí ẹni tí yóò wí níbẹ̀ pé inú ilé òun ni òun wà.

John Paul Lederach, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà tí ó ti kọ ìwé lórí ìlàjà, ròyìn ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́lá kan láti ìhà Dagomba kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ó bi wọ́n pé àwọn wo ni Konkomba tí òun yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀, níwọ̀n bí wọn kò ti ní ọba. Gbogbo ènìyàn ń retí pé ìjà ni yóò tẹ̀lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin Konkomba kan dìde, ó sì pe ọlọ́lá náà ní baba. Ó gbà pé lóòótọ́ ni àwọn kò ní ọba, ó sì ṣàlàyé pé ìfẹ́ láti ní ẹni tí yóò gbọ́ ohùn àwọn ni ó ń dun àwọn, kì í ṣe ìfẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́lá náà dákẹ́. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ó jẹ́wọ́ pé ojú ti òun, nítorí pé òun bú ọmọ náà, ọmọ náà sì ń pe òun ní baba. Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò fi ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn tí ó fi béèrè rẹ̀ ni ó yí padà.

Ìjókòó kan kò tó. Nígbà tí wọ́n kọ àbá àdéhùn, wọn kò fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e padà lọ sílé, wọ́n kà á fún àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́, wọ́n sì gbé àtúnṣe padà wá. Ní oṣù kẹta ọdún 1996 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Kumasi. Nínú ìrìn àjò yìí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ti ń bá ara wọn jà ti dá ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe kan sílẹ̀, NORYDA, kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn ara wọn kí ọ̀rọ̀ tó di ogun.

Ohun tí ó kù

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a wí pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ní ọdún 2002, wọ́n pa Ya-Na Yakubu Andani Kejì nínú ìjà oyè láàrin Dagomba fúnra wọn. Àwọn ọba mẹ́ta, tí Asantehene Otumfuo Osei Tutu Kejì jẹ́ alága wọn, ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá wọn parí rẹ̀, a sì tó fi Ya-Na tuntun jẹ ní ọdún 2019. Ní Bawku pẹ̀lú, ìjà oyè tún gbiná ní ọdún 2021. Àlàáfíà dà bí oko: ẹni tí ó ro ó lẹ́ẹ̀kan tí ó sì lọ sùn, koríko ni yóò bá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àlejò àti onílẹ̀ kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré láti kúrò ní Ghana, àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀ sì di ẹrù wọn. Ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana padà sílé. Ẹni tí ó jẹ́ onílẹ̀ lónìí lè di àlejò lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin ni ìlú yín yóò pè láti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, nítorí pé ẹ mọ̀wé. Gègé tí a fi kọ ìwé ẹ̀sùn ni a tún fi kọ ìwé àdéhùn. Nígbà tí ó bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ẹni tí mo ń kọ̀wé sí yìí, ṣé mo ti jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀ rí?