Bọ́dà Niger: Ìwé Ìṣirò Ta Ni Wọ́n Ń Kà?

 Ẹ ní kí n ṣàlàyé ìdí tí ìjọba fi ti bọ́dà Niger lọ́jọ́sí, tó wá jẹ́ pé àwa ọlọ́jà ló jìyà ẹ̀. Bí mo ṣe rí i nìyí.

Ọjọ́ 26 oṣù Keje, 2023, ẹ̀ṣọ́ ààrẹ gbàjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum ní Niamey. Nígbà tó máa di ọjọ́ 30, ECOWAS ti ṣèpàdé l'Abuja: wọ́n ti bọ́dà, wọ́n dá káràkátà dúró, wọ́n sì fún àwọn ṣọ́jà ní ọjọ́ méje, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ogun lè dé. Nàìjíríà tún já iná tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn ti ń wá.

Èrò wọn ni pé Ọ̀gágun Tiani á jókòó bí oníṣòwò, á ṣírò èrè àti àdánù, á sì gbé ìjọba sílẹ̀. Ìṣirò yẹn dáa, àmọ́ ìwé ta ni? Àdánù tí wọ́n kọ síbẹ̀, ti alálùbọ́sà Maradi ni, àti ti ẹni tó ń kó ọjà láti Kano gba Jibiya. Ti Tiani yàtọ̀. Tó bá dá Bazoum padà, ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ló ń dúró dè é, ẹ̀mí ẹ̀ lè bá a lọ. Kì í ṣe wèrè o, orí ẹ̀ pé. Owó tiẹ̀ ló ń kà.

Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù onígbèsè pa, ẹ ní á sáré wá sanwó. Tí ọjà inú ẹ̀ bá ti tán ńkọ́?

Àwọn kan á ní ó ṣáà ṣiṣẹ́ ní Gambia. Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Kìíní, 2017, Yahya Jammeh lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ṣọ́jà ẹ̀ ti ní àwọn ò ní jà, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un: ó wọ bàálù, ó gba Equatorial Guinea lọ. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún Tiani? Mali àti Burkina Faso ló ṣí i, wọ́n ní ẹni tó bá gbógun ti Niger ti gbógun ti àwọn. Oṣù Kìíní, 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde pé àwọn ń fi ECOWAS sílẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ni ECOWAS ká ọ̀pọ̀ nínú òfin náà kúrò. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ni Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n ṣí bọ́dà wa. Bazoum ṣì wà ní àtìmọ́lé lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń kó ọjà lọ sí Zinder lè sọ iye tó bá a lọ láàárín oṣù méje ó lé yẹn. N ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.