Oṣù Mélòó Ni Yóò Gbà? Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Díwọ̀n Sọ́fítíwíà

Kò sí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ sọ́fítíwíà tí wọn kì í ti í béèrè ìbéèrè méjì yìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: oṣù mélòó ni yóò gbà, èèyàn mélòó ni yóò ṣe é? Níbi kan, ọ̀gá iṣẹ́ ló ń dáhùn. Níbòmíràn, àwọn tó ń kọ kóòdù fúnra wọn ni. Ẹni yòówù kó jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ le, nítorí pé ohun tó fẹ́ díwọ̀n kò tíì sí. Bíríkìlà tó fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta ti kọ́ irú rẹ̀ rí, ó mọ iye búlọ́ọ̀kù tí yóò gbà. Sọ́fítíwíà tí a bá ti kọ tán, a kì í tún un kọ, ẹ̀dà rẹ̀ la máa ń ṣe. Èyí tí wọn ò kọ rí ni wọ́n máa ń gbé wá.

Frederick Brooks, ará Amẹ́ríkà, mọ bó ṣe ń dunni. Òun ló darí kíkọ OS/360 ní IBM, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà System/360 tí iléeṣẹ́ náà kéde lóṣù kẹrin ọdún 1964. Nígbà tí iṣẹ́ gbóná, èèyàn tó lé ní 1,000 ló wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Nínú ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month, tó jáde ní 1975, ó ní bí iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá ti pẹ́, tí a tún kó èèyàn kún un, ṣe ni yóò túbọ̀ pẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí èèyàn 5 bá ní láti máa gbọ́ra wọn yé ní méjì-méjì, ọ̀nà 10 ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Bí wọ́n bá di 10, ó di 45. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni yóò sì tún pa kóòdù tì láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Barry Boehm ní tirẹ̀ kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ sọ́fítíwíà 63 jọ ní iléeṣẹ́ TRW ní California, ó sì gbé ìlànà ìṣirò COCOMO jáde ní 1981. Bí a bá fi ṣírò sọ́fítíwíà tó rọrùn, tó ní ìlà kóòdù 10,000, yóò gba ẹnì kan ní nǹkan bí oṣù 27. Èyí tó ní 20,000 yóò gbà á ní bíi 56, tó ju ìlọ́po méjì lọ. Boehm tún kìlọ̀ pé níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìdíwọ̀n lè fi ìlọ́po mẹ́rin yẹ̀: ohun tí wọ́n pè ní oṣù 6 lè di oṣù 24.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni planning poker, tí James Grenning gbé kalẹ̀ ní 2002. Èèyàn bíi mélòó kan á jókòó yí tábìlì ká, káàdì tí wọ́n kọ 1, 2, 3, 5, 8, 13 sí á wà lọ́wọ́ kálukú. Ẹnì kan á ka iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ká ní ibi tí oníbàárà yóò ti pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù tó gbàgbé. Kálukú á mú káàdì tó bá bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó lójú rẹ̀ mu, á dojú rẹ̀ dé, gbogbo wọn á sì ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá mú 2, tí ẹlòmíràn mú 13, àwọn méjèèjì ni wọn yóò ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó mú 13 ló rántí pé olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó mú 2 mọ̀ pé wọ́n ti kọ apá kan rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún káàdì mú. Ṣíṣí i pa pọ̀ yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé 3 ni, àbúrò wo ló fẹ́ sọ lójú rẹ̀ pé 13 ni? Káàdì ti bá a sọ ọ́, kò sì rí ẹnikẹ́ni fín.

Lójú tèmi, kì í ṣe inú ìṣirò ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á ní oṣù 8, ọ̀gá tó ti ṣèlérí fún oníbàárà á ní 5, wọ́n á ná an títí wọn yóò fi pàdé ní 6. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò dín. Àyẹ̀wò ni wọ́n máa ń gé kúrò kí ọjọ́ lè pé, àṣìṣe tí wọn kò bá sì rí nígbà àyẹ̀wò, ọwọ́ oníbàárà ni yóò bọ́ sí.

Iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti Amẹ́ríkà jẹ irú ìyà yìí. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n dín àkókò tí wọ́n dá fún Virtual Case File, sọ́fítíwíà tí wọn yóò máa fi tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwádìí, kù, wọ́n sì tún bu iṣẹ́ kún un. Ní 2005 wọ́n pa á tì, lẹ́yìn tí nǹkan bí 170 mílíọ̀nù dọ́là ti bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ sọ́fítíwíà fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní Yábàá nílùú Èkó àti níbi gbogbo, bí wọ́n bá sọ iye oṣù fún yín, ẹ má ná an. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó lè mú un pẹ́, kí ẹ jọ yọ ohun tí kò pọn dandan kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún ìdíwọ̀n náà ṣe bí iṣẹ́ ti ń lọ.