RAID Lórí Linux àti Ẹ̀kọ́ Ìfọ́lé 1867

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ibi tí agbára RAID mọ lórí Linux wò. Nínú RAID 1, dísìkì méjì ni ó ń gba ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Bí a bá ka /proc/mdstat, [UU] túmọ̀ sí pé méjèèjì yè. [U_], pé ọ̀kan ti jáde.

Bí iná bá lọ lójijì tí RAID náà sì kọ̀ láti dìde, mdadm --examine ni kí a kọ́kọ́ pè, kí a fi iye Events orí dísìkì kọ̀ọ̀kan wéra: èyí tí tirẹ̀ kéré ni ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ti di àtijọ́. Àwọn kan a máa sáré pe --create. Ewu ńlá ni, nítorí pé àkọlé tuntun ni ó ń kọ lé ti àtijọ́ lórí. --assemble ni ó yẹ, èyí tí ń ka àkọlé tí ó wà nílẹ̀.

Síbẹ̀, RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní 1859. Ìfọ́lé 1867 sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ jẹ́. Ká ní ẹ̀rọ méjì ni ó wà nínú ilé yẹn, méjèèjì ni ì bá bá a lọ. Àwọn ẹ̀dà tí ó ti kúrò nílé ṣáájú ọjọ́ náà nìkan ni ọwọ́ kò tẹ̀.