Láti Ọbaníkòró dé Pópó Àgùdà: ibi tí páséèjì ilé wa ti wá

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń gbé ní Jàpáànì báyìí, fi àwòrán àdúgbò kan ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá. Yanaka lorúkọ rẹ̀, inú ìlú Tokyo ló wà. Ilé onípákó, ọ̀nà tóóró, tẹ́ńpìlì lọ́tùn-ún lósì. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 kò pa ibẹ̀ run, bọ́ǹbù 1945 náà kò sì jó o tán. Ó wá bi mí pé, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lèèyàn lè rí irú èyí ní Èkó wa?"

Mo ní kó wọ bọ́ọ̀sì BRT lọ́dọ̀ wa ní Ọbaníkòró nígbà tó bá wálé, kó bọ́ọ́lẹ̀ ní CMS, kó fẹsẹ̀ rìn wọ Pópó Àgùdà. Mo sọ ọ́ tán ni mo rántí pé ó ti pẹ́ tí èmi alára ti débẹ̀. Mo bá lọ.

Ta ni Àgùdà? Ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba ni, àti ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó padà wálé. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia lọ́dún 1835 ni ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, wọ́n sì ń bọ̀ títí di ìgbà tí Brazil fòpin sí oko ẹrú pátápátá ní 1888. Nítorí wọn la ṣe ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ò kéré láàárín wọn. Bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ rántí bíríkìlà yẹn, torí òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ní Kakawa, ẹ wo Ilé Olómi. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ sí Brazil ní kékeré, ló kọ́ ọ. Kànga wà nínú ọgbà rẹ̀ tí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fáwọn ará Èkó, nígbà tí kò tíì sí omi ẹ̀rọ. Ní Martins Street, ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, Àgùdà ni, ló kọ́ ọ, pẹ̀lú Sanusi Aka. Ọwọ́ tó mọ ilé ìjọsìn àwọn onígbàgbọ́ ló mọ mọ́ṣáláṣí; ẹ wo òdòdó sìmẹ́ńtì lórí fèrèsé rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí ìjà.

Àmọ́ ohun tó pọ̀ jù lára àdúgbò náà kì í ṣe àwọn ilé ńláńlá yìí. Ilé kéékèèké ni, ní Bamgbose, ní Tokunboh, lẹ́bàá Campos. Ẹ dúró níwájú ọ̀kan: ilẹ̀kùn láàárín gbùngbùn, fèrèsé lọ́tùn-ún, fèrèsé lósì. Ẹ wọlé: páséèjì kan tó gùn tààrà dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá lápá méjèèjì. Ní ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dáná tí wọ́n ti ń wẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ṣómólú àti Bàrígà, ṣé ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n? Ilé tí ẹ dàgbà sí nìyẹn! Ohun tí à ń pè ní fésì-mí-àì-fésì-yú. Nínú agbo ilé Yorùbá àtijọ́, àgbàlá ló wà láàárín, yàrá yí i ká, ojú ọ̀run ń wo wọ́n. Nígbà tí bíríkìlà Àgùdà àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ń kọ́lé fáwọn ará ìlú, àgbàlá yẹn sún kì, ó di páséèjì, òrùlé bò ó. Ìyẹn ló tàn dé Ìbàdàn, dé Abẹ́òkúta, tó sì dé ọ̀dọ̀ wa lórí ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ oyè ìjòyè onífìlà funfun. Mo ti fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé yẹn rí nínú kíláàsì. Mo pè é ní ilé onílé tó kàn ń wá owó. Ẹ bá mi fa ìlà pa gbólóhùn yẹn nínú nóòtù yín. Onílé ń wá owó lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló hùmọ̀ ilé náà.

Báwo la ṣe pàdánù èyí tó pọ̀ níbẹ̀? Láti 1955, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní àdúgbò ẹlẹ́gbin ni, wọ́n kó èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961: àwọn tó lọ ò rí mọ̀lẹ́bí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n, ọjà àwọn ìyá tó ń tajà sì kú. Ilé tuntun ni wọ́n fún wọn o. Oníbàárà ni wọn ò kó tẹ̀lé wọn.

Ti Ilojo Bar ni kò tíì tán nínú mi. Ẹbí Fernandez kọ́ ọ sí Tinubu ní 1855, ẹbí Olaiya rà á ní 1933, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹsàn-án, 2016, katakata wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ló fi wà lábẹ́ òfin. Àwọn ará Jàpáànì ní òfin kan tó wá ní 1975, tó ń dáàbò bo àdúgbò látòkè délẹ̀: ilé, ọ̀nà, ògiri, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwa mú ilé kan ṣoṣo láàárín ilé gogoro, a lẹ àkọlé mọ́ ọn, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Nínú ẹbí tó ti di ogójì, àádọ́ta èèyàn, ta ni yóò san owó òrùlé tó ń jò?

Nígbà tí mo padà dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń wó ilé kan lẹ́yìn ilé mi, fésì-mí-àì-fésì-yú oníyàrá mẹ́wàá. Mo ní kí àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ dúró díẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ wọn páséèjì náà: ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní gígùn, mẹ́fà ní fífẹ̀. Mo yà á sínú ìwé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣì ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kó fi ìwọ̀n tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.