Ọmọ Berlin tó gbé àwo ọmọ Ọ̀fà jáde

Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1963, ọmọ Ọ̀fà kan tó ń jẹ́ Solomon Ìlọ̀rí kó àwọn onílù rẹ̀ wọ stúdíò ní Englewood Cliffs, ìpínlẹ̀ New Jersey, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ àwọn orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà kò ṣàjèjì sí etí wa: "Iṣẹ́ Olúwa" wà níbẹ̀, "Jòjòló" wà níbẹ̀, "Ayé Le" náà kò gbẹ́yìn. African High Life ni wọ́n pe àwo ọ̀hún nígbà tó jáde, orúkọ ilé-iṣẹ́ Blue Note sì hàn gàdàgbà lára rẹ̀. Ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó sì wà nídìí iṣẹ́ ọjọ́ náà, kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ohùn ará Jámánì ló fi ń sọ ọ́. Alfred Lion lorúkọ rẹ̀.

Báwo ni Júù tí wọ́n bí sí Berlin ṣe wá di ẹni tó ń gba ohùn onílù Ọ̀fà sílẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wo bí ọkùnrin yìí ṣe ń náwó. Lion kì í ṣe olórin. Etí ló ní, ó sì ní ìwà kan tí kò yẹ̀: owó olórin ló kọ́kọ́ máa ń san.

Ọdún 1908 ni wọ́n bí i. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Sam Wooding, àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, wá ṣeré ní Berlin. Ó ti di àgbàlagbà tó ṣì ń ròyìn ọjọ́ náà. Ìlù ni, ó ní ó wọ òun léegun. Kí ọdún 1930 tó pé, ó ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí New York. Èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, ọgbà Central Park ló ń sùn. Òṣìṣẹ́ kan tí inú rẹ̀ kò dùn sí àjèjì lù ú bolẹ̀, ó dèrò ọsibítù, ó sì padà sílé. Lẹ́yìn tí Hitler gorí àlééfà ní 1933, ilé kò ṣeé gbé mọ́. Ó gba Gúúsù Amẹ́ríkà lọ, ibẹ̀ ló sì gbà padà sí New York.

Alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1938 ló yí ayé rẹ̀ padà. John Hammond ṣètò òde orin ńlá kan ní Carnegie Hall, Lion sì wà lára èrò ìwòran. Níbẹ̀ ló ti rí Albert Ammons àti Meade Lux Lewis nídìí dùùrù. Boogie-woogie ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ rí, kó fi ojú inú wo onílù kan tó ń lu ìlù méjì pọ̀: ọwọ́ òsì ni omele, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ láìsinmi, ọwọ́ ọ̀tún ni ìyáàlù, òun ló ń fọhùn lé e lórí.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1939, Lion háyà stúdíò, ó kó àwọn méjèèjì lọ síbẹ̀. Wọ́n ń gba dùùrù lọ́wọ́ ara wọn títí iṣẹ́ fi parí. Lion san owó tiwọn. Nígbà tó kan owó stúdíò, àpò ti gbẹ. Àwọn onístúdíò bá di iṣẹ́ náà mú, ó di ìgbà tó rówó wá kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Bí Blue Note ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: olórin ti gba owó rẹ̀ lọ sílé, ẹni tó ni àwo ló ń sá kiri.

Kò dá a ṣe. Òǹkọ̀wé kan, Max Margulis, bá a dá owó. Ní ìparí ọdún 1939, tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Berlin, Francis Wolff tó jẹ́ ayàwòrán, rí ọkọ̀ sá dé New York, ó sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà náà, Blue Note ti rí ọjà kan tà. Olórin kan, Sidney Bechet, ti ń wá ẹni tí yóò jẹ́ kó gba "Summertime" sílẹ̀, kò rí. Lion gbà fún un, àwo náà sì tà. Àwo tó pọ̀ jù lọ láyé ìgbà náà, ínǹṣì 10 ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló ń gbà. Lion yan oní-ínǹṣì 12 tó ń gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, kí olórin lè ráyè mí. Èyí náà jẹ́ owó.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà mú Lion wọṣẹ́ ní 1941, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ọmọ tuntun ti délẹ̀ nínú jáàsì: bebop. Ike Quebec tó ń fọn sáksófóònù ló mú un mọ àwọn tó ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ni Thelonious Monk. Títẹ dùùrù rẹ̀ máa ń ta kora, á dákẹ́ níbi tí ẹlòmíì ti ń sọ̀rọ̀, á sọ̀rọ̀ níbi tí ẹlòmíì ti ń dákẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1947, Lion mú un wọ stúdíò. Ìyàwó Lion nígbà náà, Lorraine, kó àwo náà kiri ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà. Ọ̀kan nínú wọn ní Harlem là á mọ́lẹ̀ fún un pé ọwọ́ òsì méjì ni Monk ní. Àwo náà kò tà. Lion tún pè é padà. Èyí náà kò tà. Ó tún pè é, títí ó fi di 1952. Lónìí, kò sí ilé ẹ̀kọ́ jáàsì tí wọn kì í ti kọ́ orin Monk.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Lion ti yàtọ̀ gan-an ni ìdánrawò. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké, ọjọ́ tí olórin bá wọ stúdíò ni wọ́n ń pàdé orin: ẹ wá, ẹ fọn ọ́n, ẹ gbowó, ẹ máa lọ. Lion máa ń sanwó ìdánrawò, nígbà mìíràn fún ọjọ́ méjì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn orin tuntun tó ṣòro fi máa ń jáde ní Blue Note bí ẹni pé àwọn olórin náà ti ń ṣe é fún ọdún kan. Ẹ gbọ́ Blue Train tí John Coltrane ṣe fún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, ẹ ó rí i pé àwọn tó fọn ín mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Láti 1953, Rudy Van Gelder ló ń bá a gba ohùn sílẹ̀. Àyẹ̀wò ojú àti awò ni iṣẹ́ Van Gelder lọ́sàn-án. Pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack ló fi ń ṣe stúdíò, yàrá ẹ̀rọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí fèrèsé dígí wà láàárín. Lẹ́yìn dígí yẹn ni Lion àti Wolff máa ń wà. Àwọn olórin sọ pé wọn kì í bèèrè bóyá orin ti dáa: bí àwọn ará Berlin méjèèjì bá ti ń jó, bí ẹsẹ̀ wọn kò tilẹ̀ bá ìlù mu, wọ́n mọ̀ pé ó ti jinná. Bí kò bá sì tíì jinná, Lion á ní ó gbọ́dọ̀ "schwing". Ahọ́n rẹ̀ kò yí sí swing láéláé.

Fọ́tò tí Wolff ń yà nídìí iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni Reid Miles fi ń ṣe ọnà ara páálí àwo láti 1956, ó sì ṣe tó ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Báyìí ni etí, ojú àti ẹ̀rọ ṣe pé.

Ní 1959, Van Gelder kó lọ sí Englewood Cliffs. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, Art Blakey, àgbà onílù Blue Note, kó àwọn onílù ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Amẹ́ríkà jọ síbẹ̀ fún àwo The African Beat. Ìlọ̀rí wà lára wọn, àdúrà rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣí àwo náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Lion pè é padà láti wá ṣe tirẹ̀. Ìlù tó wọ ọmọ Berlin yẹn léegun ti rìn yíká, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń fẹ́ ya. Ní oṣù kejìlá ọdún 1963 kan náà, Lee Morgan wá fọn kàkàkí fún àwo The Sidewinder. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Àfi bí ọjà ṣe dédé gbiná.

Ẹ wo bí òwò náà ṣe rí. Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó olórin, ti stúdíò, ti àwọn tó ń tẹ àwo àti ti páálí, kó tó fojú kan kọ́bọ̀. Alágbàtà ló ń kó àwo lọ sọ́jà, á tà, á fi owó falẹ̀, á tún máa bèèrè pé èwo ló ń bọ̀ tí yóò tà bí ti àná. Bí ọjà bá yá lójijì, gbèsè àwo títẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé. Ẹni tó ti ń fi sùúrù ra àkókò fún Monk wá di ẹni tí àwọn alágbàtà ń lé kiri pé kó mú Sidewinder mìíràn wá. Ní 1965, ó ta Blue Note fún Liberty Records. Ní 1967, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ara rẹ̀ kò yá. Wolff bá iṣẹ́ lọ títí ó fi kú ní 1971.

Ní 1985 tí wọ́n jí orúkọ Blue Note dìde, wọ́n pe Lion sí òde orin ní New York. Ọdún kejì, ó dé Jàpáànù, àwọn olólùfẹ́ jáàsì sì yẹ́ ẹ sí bí ọba. Oṣù kejì ọdún 1987 ló kú, lẹ́ni ọdún 78.

Ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 2017, Blue Note gbé àwo méjì jáde fún Tony Allen, ọmọ Èkó tó lu ìlù fún Fẹlá. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ló fi júbà Art Blakey. Nígbà tí Allen ń kọ́ṣẹ́ ìlù ní Èkó, àwo Blakey wà lára ohun tó ń fetí sí, tó ń tún un gbọ́, tó fi dá ọwọ́ tirẹ̀. Ẹni tó sanwó kí Blakey tó wọ stúdíò kò sí láyé mọ́ láti gba èrè yẹn. Òun náà kúkú ni í gbowó kẹ́yìn.